Àdìrẹ Tí Kò Mọ Ìkòkò Aró

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, inú ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ra ọ̀pá márùn-ún Ìbàdàndùn, àdìrẹ tí wọ́n máa ń ya òpó gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn sí lára, torí ọjọ́ ìbí màmá wa tí wọ́n fẹ́ pé 70 ọdún. Ẹni tó tà á fún mi búra pé àdìrẹ Abẹ́òkúta gidi ni. Nígbà tí mo gbé e délé, màmá ò wo ojú aṣọ rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n yí síta, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì jù ú sórí àga. Wọ́n ní, "Aṣọ yìí ò mọ ìkòkò aró."

Funfun báláú ni ẹ̀yìn aṣọ! Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tó yẹ kí ọwọ́ èèyàn yà, gbogbo wọn rí bákan náà, bí ìlà inú ìwé.

Láti òkè òkun ni wọ́n ń kó o wọlé, bélì lórí bélì. Ṣé àwọn tó wà lẹ́nu ibodè ò rí i ni? Ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí aró má bàa mu ibẹ̀, tó ń sá a kó gbẹ, tó ń rì í sínú aró, tó ń yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, tó tún ń rì í, báwo ló ṣe fẹ́ bá ẹ̀rọ du ọjà? Àwọn ọ̀gá wa á wá wọ àdìrẹ, wọ́n á ya fọ́tò pé àṣà wa rèé. Ẹ bá mi yẹ ẹ̀yìn aṣọ ọrùn wọn wò. (Mi ò bá oníkàmpálà jà o, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń ṣe tiwọn.)

Ọwọ́ ìyá lọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ìkòkò aró ìyá màmá mi ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa. Omi òjò ló kún inú rẹ̀, ewúrẹ́ ló ń mu ún.

Èyí tí mo fẹ́ rèé: kí ẹgbẹ́ aláró fúnra wọn, kì í ṣe ìjọba, ní àmì kan tí wọ́n á máa fi ẹ̀kọ kọ sí etí aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, kí orúkọ agbo ilé tó ṣe é tẹ̀ lé e. Ẹ lè ní ẹ̀rọ á jí i. Kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n ya tọdún náà gàdàgbà sára ògiri ní ọjà Ìtòkú, kí oníbàárà lè fi tọwọ́ rẹ̀ wé e kó tó sanwó. Kí àwọn ẹlẹ́nu ibodè ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà máa fi aró kọ́ ọmọ.

Mo dá aṣọ náà padà, ẹni tó tà á ò gbà á. Ó wà nílé, bí ẹnikẹ́ni bá ń wá kọ́tìnì.

Èmi ni,
Ọmọ Aláró,
Abẹ́òkúta