Àjọkẹ́, ta ló ní kó o fẹ̀yìntì nídìí bọ́ọ̀lù?

Àjọkẹ́ mi,

Àbúrò ẹ sọ fún mi pé o ní bọ́ọ̀lù ti parí, pé ọ̀rọ̀ iléèwé nìyẹn. Ọmọ ọdún 23 wo ló ń fẹ̀yìntì? Mi ò fẹ́ pariwo lórí fóònù ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo mọ ibi tó ti wá o. Níléèwé, wọ́n ti bá ẹ ṣètò gbogbo ẹ̀, kóòṣì ló ń dá àsìkò, fíìdì wà ńbẹ̀, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbá a lẹ jọ ń gbé, kó o ṣáà ti yọjú ni. Ní báyìí iṣẹ́ á gba àárọ̀, àárẹ̀ á gba ìrọ̀lẹ́, kó o tó mọ̀ o ti lo ọdún mẹ́ta láìsáré kankan. Má dúró de ìgbà tí àyè máa yọ, kì í yọ. Wá tíìmù àwọn àgbà tó ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kó jẹ́ pé tó o bá pa á jẹ wọn ò ní pé, wọ́n á sì fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp, yẹ̀yẹ́ yẹn ló máa lé ẹ jáde nílé. Jíìmù náà dáa, àmọ́ ẹ̀rọ ò ní béèrè ẹ. Tó bá sì jẹ́ tíìmù kejì ni wọ́n fi ẹ́ sí, gbá a bẹ́ẹ̀. WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní kí àgbàlagbà ṣe eré ìdárayá fún 150 ìṣẹ́jú ó kéré tán lọ́sẹ̀, gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì o ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀.

Ìdíje tó o fẹ́ràn náà ò tán (ìwọ tí wọn ò lè nà nínú lúdò kílé rójú). Nínú eré sísá, ìdíje àwọn "masters" bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 35, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń pín wọn, ẹni 60 ò ní bá ẹni 40 du ipò. Kazuyoshi Miura ọmọ Japan tí wọ́n bí ní 1967, ó kọjá 50 wọ́n ṣì ń sanwó fún un láti gbá bọ́ọ̀lù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kó o jókòó sí ọ́fíìsì látọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kó o wá bọ́ sórí pápá lọ́jọ́ Sátidé kó o máa sáré bí ọmọ 18. Ọ̀pọ̀ àwọn tí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ wọn ń já, tí wọ́n ti lé ní 30, bó ṣe ń rí nìyẹn, á kàn dún pàú, onítọ̀hún á rò pé wọ́n gbá òun lẹ́sẹ̀ látẹ̀yìn, á yíjú wò, kò ní rí ẹnì kankan. Orúnkún náà ńkọ́, ẹ̀yin obìnrin ló máa ń já iṣan ibẹ̀ ju àwọn ọkùnrin lọ nínú bọ́ọ̀lù. FIFA ní eré ìdárayá kan tí wọ́n ń pè ní 11+, bí 20 ìṣẹ́jú ni, ó ń kọ́ ara bí wọ́n ṣe ń fò tí wọ́n sì ń balẹ̀ dáadáa, ṣe é kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kódà tí àwọn yòókù bá ń rẹ́rìn-ín.

Tó o bá ti rí tíìmù, fi ọjọ́ tẹ́ ẹ ń gbá a ránṣẹ́ sí mi, kí n má baà máa pè ẹ́ lásìkò yẹn.

Ìyá ẹ