Ẹ má pe Napoli ní ìkà torí pé wọ́n ta Osimhen

Ọ̀gá olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ọ̀rọ̀ Victor Osimhen, agbábọ́ọ̀lù Super Eagles wa, ni mo fẹ́ fèsì sí, èyí tí arákùnrin wa yẹn ti ní àwọn ará Napoli, kilọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́ ní Naples ní Ítálì, ò moore, pé wọ́n lo ọmọ wa tán wọ́n wá tì í dànù, pé Ọlọ́run á bi wọ́n. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan mo rẹ́rìn-ín, mo tún un kà inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, torí irú ọ̀rọ̀ yìí náà la máa ń jà lé lórí níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní jẹ́ kí ẹnì kejì parí gbólóhùn.

Mi ò ní í bú Osimhen o. Àdúgbò wa níbí ni ọmọ yẹn ti dàgbà, Olúṣosùn ò jìnnà síbi tí mo ti ń tajà, gbogbo wa la mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, ààtàn ńlá yẹn àti òórùn rẹ̀, ibẹ̀ ló ti jáde lọ máa ta píọ̀ wọ́tà láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kó tó di pé ó lọ gbá gólì 10 sáwọ̀n ní ife àgbáyé àwọn tí ò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ, ní Chile lọ́dún 2015. Ẹ bá a sọ Yorùbá, á dá yín lóhùn geere. Tiwa ni. Àmọ́ ká gbé ti àdúgbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ṣé Napoli jẹ̀bi pé wọ́n tà á? Èmi ò gbà. Ohun tí wọ́n jẹ̀bi rẹ̀ ni pé wọn ò tètè tà á, àti pé wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ ni èmi àti arákùnrin wa ti fẹnu kò. September 2023, Napoli lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bologna, òmì ni, òdo sí òdo, Osimhen gbá pẹ́náritì ó gbá a síta, kóòṣì Rudi Garcia yọ ọ́ kúrò, ó bínú, ó ń pariwo sí kóòṣì náà lójú gbogbo ayé bó ṣe ń jáde lọ. Ìyẹn ò dáa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àmọ́ kí ni kilọ́ọ̀bù wá ṣe? Lórí TikTok tiwọn gan-an, kì í ṣe ti ọmọ ìta kan o, wọ́n gbé fídíò síta tí wọ́n fi ohùn tín-ín-rín kan sí i bíi pé òun ló ń sunkún bẹ̀bẹ̀ fún pẹ́náritì, wọ́n tún gbé òmíì síta tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ àgbọn dá àpárá lé e lórí. Èèyàn dúdú, àgbọn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé eré ni, kó lọ ṣeré bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tiẹ̀ wò. Ẹ́jẹ́ǹtì rẹ̀ ní àwọn lè gbé wọn lọ sí kóòtù, kilọ́ọ̀bù wá gbé ìwé kan jáde pé àwọn ò ní in lọ́kàn láti bú u, ó parí síbẹ̀. Osimhen pa fọ́tò Napoli rẹ́ lórí Instagram rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ti Bologna yẹn, wọ́n kojú Udinese, ó gbá gólì sáwọ̀n, ojú rẹ̀ ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká. Mo wo ìyẹn. Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá gbá gólì báyìí ṣe ló máa ń sáré lọ bá àwọn fáànù, ó kàn ń rìn padà jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Mo sọ fún ẹni tó jókòó tì mí lọ́jọ́ náà pé ọmọ yìí ti lọ, ara rẹ̀ ló ṣì kù síbẹ̀.

Àtìgbà yẹn làwọn fáànù Napoli ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ẹ tà á, ìbínú rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó tóbi ju kilọ́ọ̀bù lọ. Àwọn míì ní ṣé orí yín pé, ṣé ẹ ti gbàgbé May 4 ọdún 2023 ni, ní Udine, gólì ta ló mú kí ọ̀rọ̀ di 1-1 tí a fi gba líìgì lẹ́yìn ọdún 33, àtìgbà Maradona ní 1990? Gólì 26 lọ́dún kan, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gbá gólì jù nínú líìgì Ítálì. Ìbòjú dúdú tó ń lò látìgbà tí eegun ojú rẹ̀ ti fọ́ ní 2021, títà ni wọ́n ń tà á kiri ìgboro Naples, ọmọdé ń gbé e sójú. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ta irú ẹni bẹ́ẹ̀, àfi kó múra ìjà.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ìjà ọ̀hún tiẹ̀ le ju ti Naples lọ! Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ń pariwo jù pé kí Napoli tà á, fáànù Chelsea ni gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ wa ò kàn wọ́n, wọ́n kàn ń wá ẹni tó máa bá wọn gbá gólì ni.

Àmọ́ ohun tí arákùnrin wa ò mọ̀, tàbí tó mọ̀ tí ò fẹ́ sọ, ni pé iṣẹ́ Napoli nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni De Laurentiis tó ni kilọ́ọ̀bù, ẹni tó ń ṣe fíìmù ni, 2004 ló ra Napoli nígbà tí gbèsè ti pa wọ́n tí wọ́n ti já sí ìsọ̀rí kẹta, àtìgbà náà ló ti ń tà tó ń rà. Ó ta Cavani tó ń gbá gólì fún wọn fún PSG ti ilẹ̀ Faransé ní 2013, ó lé díẹ̀ ní 60 mílíọ̀nù yúrò, ó fi owó náà ra Higuaín, Callejón àti Albiol, lọ́wọ́ Real Madrid. Higuaín gbá gólì 36 nínú líìgì kan ṣoṣo, 2015 sí 2016, Juventus gbé 90 mílíọ̀nù wá, Higuaín lọ. Juventus o, ọ̀tá wọn ní Ítálì níbẹ̀! Àwọn ará Naples sun jẹ́sì, wọ́n ṣépè, wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Mertens tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e sáàárín, ó gbá gólì 28 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti rí gbogbo ìyẹn, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Osimhen ò lè jẹ́ tuntun lójú wọn.

Ibi tí wọ́n ti ṣìṣe ni ọjà. Nígbà tí wọ́n gba líìgì tán ní 2023, kò sí ẹni tí ò fẹ́ Osimhen láyé yìí, ọ̀gá náà ní kò sóhun tó jọ ọ́, wọ́n wá lọ fọwọ́ síwèé tuntun ní December ọdún yẹn, kó wà níbẹ̀ títí di 2026, tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gbé e jáde kúrò ní Ítálì, kó mú nǹkan bíi 130 mílíọ̀nù yúrò wá. Ẹ lọ wo àwọn tó ń ta tòmátì ní Mile 12, ẹni tó kọ owó gidi láàárọ̀ torí ó rò pé ìrọ̀lẹ́ ló máa wọ́n jù, ṣebí ẹ mọ ohun tí òòrùn máa ń fi tòmátì rẹ̀ ṣe. Lọ́dún yẹn gan-an kilọ́ọ̀bù dàrú, Spalletti, kóòṣì tó bá wọn gba líìgì, ti lọ, wọ́n lé Garcia, wọ́n gbé Mazzarri dé wọ́n tún lé e, Calzona ló bá wọn parí ẹ̀, ipò kẹwàá ni wọ́n ṣe, ẹgbẹ́ tó gba líìgì lọ́dún tó ṣáájú! Nígbà tí summer 2024 fi máa dé, gbogbo ayé ti mọ̀ pé Osimhen fẹ́ lọ, Napoli náà fẹ́ kó lọ, ẹni tó bá sì mọ̀ pé o fẹ́ tà ní dandan, ṣé ó máa mú 130 wá? Chelsea dé, ọ̀rọ̀ owó oṣù ò wọ̀. Al-Ahli ti Saudi dé, ìyẹn náà fọ́, wọ́n lọ mú Ivan Toney. Ọjà tì. Antonio Conte, kóòṣì tuntun, ti gba Lukaku sípò rẹ̀, wọn ò sì kọ orúkọ Osimhen mọ́ ti líìgì. Ẹni tí wọ́n dá lọ́lá jù ní Áfíríkà ní December 2023, ó di ẹni tí ò níbi tó máa gbá bọ́ọ̀lù. Tí kì í bá ṣe pé ọjà Tọ́kì ò tíì tì nígbà yẹn, ilé ni ì bá jókòó sí di January. Galatasaray wá yá a, èrò tó lọ pàdé ẹ̀ ní papa ọkọ̀ òfúrufú Istanbul lọ́jọ́ yẹn, à fi bíi pé ọba ń bọ̀.

Arákùnrin wa ní Ọlọ́run á bi wọ́n. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ọdún tí Osimhen ò sí níbẹ̀ yẹn náà ni Napoli tún gba líìgì o. May 23, 2025, wọ́n na Cagliari 2-0, McTominay gbá kan, Lukaku tó gba ipò Osimhen gbá ìkejì, póìǹtì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ju Inter lọ. Wọ́n sì tún ta Kvaratskhelia, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù wọn míì, fún PSG láàárín sáà yẹn, ní January, nígbà tí wọ́n wà lókè tente, àwọn fáànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Osimhen náà ò sì jìyà, gólì 37 ló gbá ní Tọ́kì lọ́dún yẹn, wọ́n gba líìgì wọ́n gba ife mọ́ ọn, nígbà tó di ìparí July 2025 Galatasaray san 75 mílíọ̀nù yúrò wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Ta wá ni Ọlọ́run bi nínú wọn? Àwọn méjèèjì ló jẹun yó. Owó tó yẹ kí wọ́n rí ní 2023 tí wọn ò rí mọ́ nìkan ni Napoli pàdánù, ìyẹn sì ni mò ń wí.

Ẹ wo Liverpool tí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí títà ti bàjẹ́. Luis Suárez, ẹni tí gbogbo wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣépè fún ní 2010 nígbà tó fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù Gánà jáde. Wọ́n dá a lẹ́bi pé ó sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí Evra ti Manchester United, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8, ó gé Ivanovic ti Chelsea jẹ ní 2013, wọ́n fún un ní 10, òun fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ lọ, Arsenal gbé 40 mílíọ̀nù pọ́n-ùn àti pọ́n-ùn kan ṣoṣo lé e wá. Pọ́n-ùn kan! Liverpool kọ̀. Ó gbá gólì 31 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gba líìgì. Ó tún lọ gé Chiellini ti Ítálì jẹ ní ife àgbáyé 2014, wọ́n tà á fún Barcelona, ó dáa bẹ́ẹ̀, owó ńlá wọlé, àmọ́ ta ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀? Balotelli. Ipò kẹfà ni wọ́n ṣe, Stoke fi 6-1 lé wọn lọ sílé lọ́jọ́ tí Gerrard gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn fún wọn. Nígbà tó wá di January 2018 tí wọ́n ta Coutinho fún Barcelona yìí kan náà, Van Dijk tó ń gbá ẹ̀yìn ti wà nílẹ̀, Alisson tó ń ṣọ́lé dé lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gba Champions League ní 2019. Kilọ́ọ̀bù kan náà, ọlọ́jà kan náà, ohun tí wọ́n fi owó rà ló yàtọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ síta, ẹ má yọ ọ́ o, ni pé àwa ọmọ Nàìjíríà ò lè dá irú ẹjọ́ yìí dáadáa torí ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń dá a. Ká ní Suárez ọmọ Ojúẹlẹ́gbà ni, a ò bá ní eyín rẹ̀ ló ń yún un. Osimhen gbóná, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. June 2024, nígbà tí ìròyìn kan jáde pé Finidi George tó jẹ́ kóòṣì Super Eagles nígbà náà sọ nǹkan nípa ìfarapa rẹ̀, orí Instagram ló gbé e lọ, láàyè, ó ń sọ̀rọ̀ tó gbóná gan-an, ẹni tó wò ó á mọ̀ pé àlàáfíà ò lè wà láàárín òun àti kóòṣì yẹn mọ́. Ìgbóná yẹn náà ló ń mú un gbá gólì o, ẹ ò lè ra ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀ nínú ọjà. Àmọ́ ẹni tó ni kilọ́ọ̀bù á ní láti ṣírò ẹ̀.

Ní báyìí ọwọ́ Galatasaray lọ̀rọ̀ wà. Kò tíì sí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ra tó bẹ́ẹ̀ rí ní Tọ́kì, wọ́n sì ní Napoli kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn ò gbọ́dọ̀ tètè tà á padà sí Ítálì, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ Higuaín ṣì ń bà wọ́n. December 1998 ni wọ́n bí i. Tí kilọ́ọ̀bù kan bá gbé owó gidi dé, ìjà tí wọ́n jà ní Naples yẹn ló máa kó lọ sí Istanbul, àwọn Chelsea tiwa níbí á sì tún dìde.

Tí arákùnrin wa bá fẹ́ dá mi lóhùn, kó dá mi lóhùn, ojú ìwé yín gbòòrò. Kó kàn sọ iye tí òun ì bá tà á ní 2023 àti ẹni tí òun ì bá fi owó náà rà. Ti èpè yẹn, a ti gbọ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ọ̀jọ́tà, Èkó