Ẹ má tètè fa omi lábẹ́ ìtẹ́ lékeléke

Sí Olóòtú,

Lẹ́ẹ̀rùn, lékeléke a máa tẹ̀lé màlúù káàkiri Abẹ́òkúta. Bí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ wọn á gba òkè Ọya lọ láti yé ẹyin.

Ní àbàtà Hadejia-Nguru, tó wà ní òkè Ọya níbi tí wọ́n ti ń yé, òjò kì í pẹ́ lọ, láti Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án ni. Omi tó ń ṣàn wá láti apá Kano ló sì ń kún àbàtà náà ju òjò tó rọ̀ sí i lórí lọ. Lékeléke ń sàba fún bí ọjọ́ 24, ọmọ rẹ̀ tún nílò bí ọjọ́ 30 kó tó fò. Nǹkan bí oṣù méjì nìyẹn tí omi gbọ́dọ̀ fi yí igi ìtẹ́ ká. Bó bá tètè fà, ejò àti awọ́nríwọ́n á ráyè débẹ̀. Tata àti ọ̀pọ̀lọ́ á wọ́n. Ọmọ tí wọ́n pa kẹ́yìn ló kéré jù, òun lebi ń kọ́kọ́ pa.

Láti ìgbà tí wọ́n ti parí dáàmù Tiga, tó ń sé omi ní apá Kano, ní 1974 ni omi tó ń dé ibẹ̀ ti dín kù. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí àwọn tó ń ṣí dáàmù máa tú omi díẹ̀díẹ̀ títí di Oṣù Kẹwàá. Àtúlẹ̀ẹ̀kan náà burú: ó ń gbá ìtẹ́ àwọn ẹyẹ omi mìíràn tó wà nínú koríko etí omi lọ tẹyintẹyin.

Àwa olólùfẹ́ ẹyẹ omi,
Abẹ́òkúta