Tẹlifíṣọ̀n ilé lè di ojú láptọ́ọ̀pù o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fáwọn òbí tí ojú láptọ́ọ̀pù ọmọ wọn ti fọ́ pé kí wọ́n má tíì sáré ra òmíì, torí tí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó ní ihò HDMI bá wà nílé, wáyà HDMI kan ṣoṣo á gbé àwòrán àti ohùn láti ara láptọ́ọ̀pù lọ síbẹ̀, ẹ ṣáà fi rìmóòtù yan HDMI, táwòrán ò bá jáde kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú P pa pọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù. Wáyà àwòrán àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní VGA ò lè gbé ohùn o. Tí máòsì bá ń falẹ̀, ẹ tan "Game Mode" lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn ètò tó ń mú kí àwòrán tètè jáde. Ó ń dùn mí báwọn ọmọ ṣe ń pa iṣẹ́ iléèwé tì nítorí ojú ẹ̀rọ nìkan!

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn