Ẹ Fi Orúkọ Philip Reid Sí I

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo gbádùn àpilẹ̀kọ yín lórí òrùlé rìbìtì ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington. Ẹ ṣàlàyé dáadáa pé òrùlé onígi àtijọ́ kò bá ilé náà mu mọ́ nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́, tí Thomas Walter fi ya àwòrán onírin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1855. Ṣùgbọ́n ère idẹ tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ ńkọ́?

Ẹrú wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Philip Reid lorúkọ rẹ̀. Clark Mills, onílé ìrọdẹ, ló ni ín. Nígbà tó yẹ kí wọ́n tú ère tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹfun mọ, kí wọ́n lè fi idẹ rọ ọ́, ẹni tó mọ ojú oríkèé rẹ̀ yarí, ó ní àfi kí wọ́n fowó kún owó òun. Reid ló fi okùn kọ́ irin tó wà lórí ère náà, tó rọra ń fà á títí oríkèé fi là gààrà. Ọjọ́ Àìkú 33 ló fi ṣọ́ iná ìrọdẹ náà, wọ́n sì san dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 fún un lójúmọ́. Owó ọjọ́ yòókù? Ọ̀gá ló ń kó o jẹ.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, mo mọ ohun tí ojú ẹni tó ń fín ẹwìrì ń rí.

Nígbà tí wọ́n fi gbé orí ère náà lé e ní December 1863, Reid ti dòmìnira. Ẹ jọ̀ọ́, tí apá kejì bá ń bọ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Alágbẹ̀dẹ,
Ìbàdàn