Lẹ́tà láti Mödlareuth

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé. Ìwọ ni ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo dé abúlé kan ní ilẹ̀ Jámánì tí à ń pè ní Mödlareuth lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, nítorí pé ọmọ Ìmẹ̀kọ ni ọ́, o sì mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn kọ́kọ́ kọjá ẹnubodè kí ó tó rí ẹbí rẹ̀ ní Kétu ti ilẹ̀ Benin.

Àwọn tí ń gbé abúlé náà kò ju bí àádọ́ta lọ. Odò tín-ín-rín kan, Tannbach, ni ó gba àárín rẹ̀ kọjá, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ni mo sì fi dá a kọjá. Láti ọdún 1810 ni wọ́n ti ri òkúta ààlà sí etí odò yìí, tí ìhà gúúsù wà lábẹ́ ọba Bavaria, tí ìhà àríwá sì wà lábẹ́ ọmọ aládé Reuss. Síbẹ̀, ààlà yẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ìhà àríwá ni ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ọtí wà, ṣọ́ọ̀ṣì Töpen tí ó wà ní Bavaria ni gbogbo wọn sì ń lọ.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan dàrú. Ìhà gúúsù bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ìhà àríwá bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà, nígbà tí ó sì di 1949, abúlé kan ṣoṣo ti di ti orílẹ̀-èdè méjì: Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní gúúsù, Jámánì Ìlà-Oòrùn ní àríwá. Ní 1952, ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn fi pákó ṣe ọgbà sí etí odò, wọ́n sì lé àwọn ẹbí kan kúrò nínú ilé wọn. Ní 1966, wọ́n mọ ògiri kọ̀nkéré tí ó gùn tó 700 mítà, tí ó sì ga ju mítà mẹ́ta lọ, ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bá sọ abúlé náà ní Bẹ́líìnì Kékeré, nítorí pé irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni ó pín ìlú Bẹ́líìnì sí méjì. Ní 1973, ọkùnrin kan gbé àkàbà ti ògiri náà, ó gùn ún, ó sì bọ́ sí òdìkejì láàyè.

Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ògiri ni ó dùn mí jù. Òfin kà á léèwọ̀ fún àwọn ará ìhà àríwá láti kí àwọn ará ìhà gúúsù, kódà wọn kò gbọdọ̀ juwọ́ sí wọn. Àwa tí a ń kí ẹni tí ó jókòó, tí a ń kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́, báwo ni a ó ti ṣe é, kí ọmọ ìyá ẹni na ọwọ́ láti òdìkejì odò, kí a sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò rí i?

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1989 ni wọ́n ṣí ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀, katapílà sì wó ògiri náà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 1990. Wọ́n fi nǹkan bí 100 mítà sílẹ̀ pẹ̀lú ilé ìṣọ́, èyí tí ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí. Mo fi ọwọ́ kan kọ̀nkéré náà. Ó tutù, ó rí ṣágiṣàgi, ewé sì ti hù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ méjì, Bavaria àti Thuringia, ni abúlé náà ṣì wà títí di òní, kódà ìkíni wọn kò dọ́gba: “Grüß Gott” ni ti gúúsù, “Guten Tag” ni ti àríwá. Bí mo ti fẹ́ máa lọ, ìyá àgbà kan na ọwọ́ sókè láti ìhà àríwá, ó kí ọkùnrin kan tí ń ro ọgbà rẹ̀ ní ìhà gúúsù, ọkùnrin náà sì gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó dá a lóhùn. Mo dúró títí wọ́n fi bára wọn sọ̀rọ̀ tán.

Bá mi kí ìyá wa, kí o sì bá mi kí àwọn ará Kétu nígbà tí o bá kọjá sọ́hùn-ún.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́