Awẹ́ Sípíríǹgì Tí À Ń Fi Kún Ọkọ̀ Oko

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí àṣà kan tó gbilẹ̀ láàárín àwa tí a ń fi Hilux àti irú rẹ̀ kó iṣu àti kajú láti oko Ìyàrá àti Ìsánlú wá sí Kábà. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ti ń wọlẹ̀, mẹkáníìkì á mú awẹ́ sípíríǹgì, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn irin gbọọrọ tí wọ́n máa ń tò léra lábẹ́ ọkọ̀ láti gbé ẹrù ró, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ akẹ́rù, á ki í bọ̀ ọ́, wọ́n á ní ó parí. Kò parí rárá. Awẹ́ tí ó nípọn ní ìlọ́po 2 máa ń le ní ìlọ́po 8, bí gígùn àti fífẹ̀ wọn bá dọ́gba. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ náà fi ń ta gìrì nígbà tí kò bá rẹ́rù, tí táyà ẹ̀yìn ń fò kúrò nílẹ̀ lórí ọ̀nà tí àgbàrá ti fà ya, tí apá awakọ̀ kì í sì í ká a ní kọ́nà.

Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa, ìpẹtà ti lẹ awẹ́ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn, nítorí yíyọ̀ náà wà lára ohun tó ń pa jìgìjìgì ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú wọn, kí wọ́n ha ìpẹtà náà, kí wọ́n sì pààrọ̀ èyí tó bá ti sán. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, awẹ́ pẹlẹbẹ ti ìsàlẹ̀, tí kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ wálẹ̀, ni kó béèrè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ kan, Kábà, Ìpínlẹ̀ Kogí.